Obìnrin Méjì Lórí Káàdì Kan

Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ nínú ọgbà. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú fún òṣìṣẹ́, fún ìyàwó rẹ̀ kan àti ọmọ mẹ́rin. Ìyàwó kan o! Ẹni tó ṣe òfin yẹn kò bi àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Agége léèrè. Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní, gbogbo wa sì jọ ń gbé yàrá méjì tó kọjú sí ojú irin. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwo á máa gbọ̀n lórí tábìlì.

Ìyá mi ni ìyáálé. Ó ga, ó dú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó kejì, tí àwa ọmọ ń pè ní Àǹtí, kúrú, ó pupa, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ká má purọ́, àwọn méjèèjì ò fẹ́ràn ara wọn. Wọn kì í jà, nítorí ìyá mi ò ráyè ìjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í kọjá ẹ káàárọ̀ àti ẹ kú iṣẹ́.

Ìgbà Sáàpù nìyẹn, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, àwọn ológun ló sì ń ṣèjọba. Oògùn ti di ohun tí mẹ̀kúnnù ń wò lókèèrè. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀fun Àǹtí wú, tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́, ìyá mi, tí orúkọ rẹ̀ wà níwèé ilé iṣẹ́, mú káàdì ilé ìwòsàn tirẹ̀ fún un. "Bí wọ́n bá pe orúkọ mi, kí o dáhùn." Mi ò rò pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Èèyàn kì í kàn wo ẹni tó ń jẹ̀rora kó di káàdì mọ́wọ́, ó parí.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa ló ń jẹ́ orúkọ olórúkọ ní ilé ìwòsàn kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ bàbá mi yá àbúrò rẹ̀ ní káàdì, àṣírí tú, wọ́n sì lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ ń dín òṣìṣẹ́ kù nígbà náà, ẹni tí wọ́n bá lé kì í tètè rí òmíràn. Látìgbà yẹn ni bàbá mi ti ń kìlọ̀ fún gbogbo wa: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó fura. Ìyá mi ti lé lógójì ọdún, Àǹtí ò tíì pé ọgbọ̀n. Akọ̀wé á pe orúkọ ìyá mi, Àǹtí á dìde, akọ̀wé á ní, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ dàgbà o!" Àǹtí á rẹ́rìn-ín. Orúkọ ni wọ́n ń pè, wọn kì í wojú. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ni ìyàwó òṣìṣẹ́ lójú tiwọn. Tí mo bá rántí rẹ̀, inú á bí mi, ẹ̀rín á sì tún máa pa mí.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí lọ nítorí ọ̀fun yẹn, dókítà ní kí wọ́n gún un ní pẹnisílíìnì. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó rí i pé wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara obìnrin yìí kò gba pẹnisílíìnì. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni. Àǹtí ní, "Rárá o, láti kékeré ni mo ti ń gbà á." Òótọ́ ló sọ, òótọ́ ara tirẹ̀. Wọ́n fi díẹ̀ dán an wò, nǹkan kan ò ṣe é, wọ́n bá gún un tán. Nọ́ọ̀sì mú bírò, ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ pupa náà kọjá.

Àǹtí délé, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n gún òun nígbà tí òun bí àkọ́bí, tí òun ò lè mí mọ́, tí wọ́n ti ń sunkún lé òun lórí. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ lọ sọ pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ pupa padà, láìsọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́? Wọ́n pa á mọ́ra. Èmi ò mọ̀ nípa gbogbo èyí nígbà náà, Àǹtí ló wá rò ó fún mi nígbà tó yá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn. Wọ́n da aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Akọ̀wé jókòó, ó ń tẹ ohun tó wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti fa ìlà sí, kò tẹ̀ ẹ́. Mi ò bá a wí, mi ò sì bá kọ̀ǹpútà wí. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń tún sọ fún wa, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú ni.

Nígbà òjò ọdún kan, ikọ́ dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná débi pé ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi àti Àǹtí gbé e sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, kí wọ́n tètè gún un lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì lọ wo kọ̀ǹpútà, ó sì padà wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ti fa oògùn sí.

Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ wo nìyẹn?"

"Pẹnisílíìnì ni. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, wọ́n ti gbà á rí. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀gá tó lé ọkùnrin tó yá àbúrò rẹ̀ ní káàdì jókòó nítòsí, wọ́n ń wo ìfúnpá rẹ̀. Àǹtí wò ó, ó wo ìyá mi. Mo ti ro ìṣẹ́jú yẹn títí. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ bàbá mi ò ní bọ́, òun nìkan ni yóò sì kù bí ìyàwó nínú ilé. Kò sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi, torí kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró! Èmi lẹ gún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe àwọn. Èmi ni mo dáhùn orúkọ wọn. Ara ìyáálé mi ò gbà á, ó máa pa wọ́n!"

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá gbójú sókè. Oògùn mìíràn ni wọ́n fún ìyá mi, òun ló sì wò ó sàn.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ títí. Wọn ò lé e, àmọ́ wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fúngbà díẹ̀ láìgbowó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lẹ fọ́tò mọ́ káàdì. Nọ́ọ̀sì kì í béèrè mọ́ pé ṣé ẹ̀yin ni lágbájá. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ ìbí rẹ, kí wọ́n tó wo ojú rẹ. Àwọn àgbà ń bínú: "Ẹ ò mọ̀ mí ni?" Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo padà wá kọ́, wọ́n sì ń bínú sí èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bínú.

Wọ́n ní kí bàbá mi mú ìyàwó kan ṣoṣo wá ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó rò pé ó tún lè jẹ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìyá mi. Ìyá mi nawọ́ sí Àǹtí, ó ní, "Ìyàwó ni kí ẹ mú lọ."

Bàbá mi ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó lóyún. Mo ti gba ìtọ́jú tèmi."

Ilé ìwòsàn ìjọba ni ìyá mi wá ń lọ, níbi tí èrò ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Àǹtí kì í jẹ́ kó dá lọ. Kí nọ́ọ̀sì tó lanu, á ti sọ pé ara ìyáálé òun kò gba pẹnisílíìnì. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá mi dá a lóhùn: "Ẹ gbọ́ tirẹ̀ o. Ó ti jẹ́ èmi rí."