Okùn Nerida Lára Ọ̀pá Irin

Àtàǹpàkò kan ló fi tẹ orí okùn mọ́ ọ̀pá irin. Ọwọ́ kejì ń wé e. Ó wé e, ó tún wé e. Ó fà á títí ẹ̀yìn ìka rẹ̀ fi funfun, ó wá so ìdí okùn mọ́ igi ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ó so kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ kókó okùn yẹn gan-an.

Bí Nerida Trewin ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó ta ìgbòkun, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé ọkọ̀ lọ, omi a máa yí abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nídìí ọkọ̀, abẹ̀bẹ̀ a máa yí ọ̀pá yẹn, ọ̀pá a sì máa lọ jíà láìsí ọ́ìlì; okùn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá yí. Jíà tirẹ̀ ti gbó. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ sì ń gbé lára okùn nítorí pé ẹni tó bá ṣíná láìtú okùn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Inú ọkọ̀ náà ló ń gbé, ní èbúté wa ní Kettering. Rowan, ọmọ rẹ̀, fẹ́ kó wá máa gbé nílùú Hobart, nínú ilé tó móoru. Ó ní ọjọ́ tí jíà yẹn bá kọṣẹ́, títà ni wọn ó ta ọkọ̀. Nerida ní kó lọ sinmi.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Rowan bá a jáde. Okùn yẹn ti sú u. Ó ti gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn sápò, kò sì sọ. Lẹ́bàá erékùṣù Bruny, afẹ́fẹ́ kú. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó mọ́tò sọdá ń bọ̀ wá bá wọn tààrà. Nerida ń sọ̀kalẹ̀ lọ tú okùn ni Rowan ki kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bọ ẹ́ńjìnnì, ó ṣíná, ó sì kó o sí jíà.

Ìró kan. Bí ìgbà tí egungun ṣẹ́. Jíà ti fọ́, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Ọkọ̀ ńlá fun fèrè, ó yà fún wọn.

“Màmá, mo kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Mo rí i. Fi ọwọ́ yẹn náà di ìdarí ọkọ̀ mú.”

Rowan ti yọ fóònù, ó fẹ́ pe ẹni tó máa wá wọ́ wọn.

“Gbé e sílẹ̀. Ìgbòkun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kan ọkọ̀ yìí.”

“Afẹ́fẹ́ dà, Màmá?”

“Ó ń bọ̀. Jẹ páì ẹran tí mo dì fún ọ.”

Afẹ́fẹ́ ọ̀sán dé láti gúúsù. Àwa tó wà ní èbúté rí wọn bí wọ́n ṣe ń yà sọ́tùn-ún, yà sósì, láìsí ìró ẹ́ńjìnnì. Des Hallam, aládùúgbò wa, pariwo pé òun ń bọ̀ wá wọ́ wọn. Nerida dá a lóhùn pé kó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ pálapàla rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó já ìgbòkun sílẹ̀. Ọkọ̀ rọra yọ̀ wọlé, ó fara kan èbúté bí ìgbà tí èèyàn gbé ife lé tábìlì.

Rowan ló bá a yọ ẹ́ńjìnnì náà tòun ti jíà. Wọn kò fi òmíràn sí i. Ọ̀dùnkún ni Nerida ń kó síbẹ̀ báyìí, inú ọkọ̀ náà ló sì ṣì ń gbé.