Àwòrán Tó Ṣíwájú Ojú ní Ìfọ̀

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní onírọ́. Ìyàwó mi náà pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, èèyàn sì kún àgbàlá. N kò mu nǹkan kan ju omi inú ọ̀rá lọ.

Mówè ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ayẹyẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà lókè òkun lè máa wò ó bó ṣe ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá pè mí, mò ń lọ. Àpótí kékeré kan ló ń ṣe gbogbo wàhálà náà, kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Enkódà là ń pè é. Wáyà kámẹ́rà á wọ̀ ọ́ lápá kan, ti íńtánẹ́ẹ̀tì á wọ̀ ọ́ lápá kejì, òun ni yóò sì máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ayé.

Àǹtí Sàdíà ló pè mí sí Ìfọ̀. Bàbá wọn kú, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bùọ̀dá Látéèfù, tó wà nílùú òyìnbó, kò rí ojú bàbá rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ yìí, dandan ni kó rí i.

Mo gbé kámẹ́rà sí igun àgbàlá níbi tó ti lè rí gbogbo nǹkan: àwọn àáfà lábẹ́ kánópì, géètì lápá ọ̀tún, ẹnu ọ̀nà yàrá Àlàájà lápá òsì. Àlàájà ni ìyá wọn. Wọ́n ń ṣe opó ọkọ wọn lọ́wọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ kọjá géètì títí opó yóò fi pé. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà.

Mo tan enkódà, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Mo ṣí fóònù mi kí n lè mọ̀ bóyá àwòrán ti ń jáde.

“Bùọ̀dá, ó ń pẹ́ o,” Àǹtí Sàdíà sọ fún mi. “Àáfà ti jókòó, wọ́n ṣì wà lórí ìdúró nínú fóònù.”

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ma,” mo dá wọn lóhùn. “Àwòrán live yìí, ẹ̀yìn ojú ló máa ń wà. Kò lè ṣíwájú láéláé.”

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Àdúà ti wọra nígbà tí mo rí i nínú fóònù pé ike omi àáfà àgbà ṣubú, omi dà sórí ẹní. Mo gbójú sókè kí n wo bí wọ́n ṣe ń nù ún. Ike omi dúró sójú kan, ìdérí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí apá aṣọ àáfà gbá a. Ó ṣubú, omi dà sórí ẹní.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ní oòrùn ló ń ṣe mí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbàlagbà kan gba géètì wọlé nínú fóònù, jalamíà funfun lọ́rùn, ó rọra ń tiro. Mo wo géètì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Nínú fóònù, ó ń gba àárín àwọn àáfà kọjá, ẹnikẹ́ni kò yà fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà, ó na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge, àwọn méjèèjì sì kọjú sí géètì.

Àlàájà tí mò ń fi ojú mi rí ṣì jókòó, tẹ̀sùbáà ṣì ń yí lọ́wọ́ wọn.

Mo gbé fóònù sún mọ́ Àǹtí Sàdíà. Wọ́n wò ó, wọ́n di apá mi mú.

“Bàbá mi nìyẹn,” wọ́n sọ sí mi létí. “Bí wọ́n ṣe ń tiro nìyẹn.”

Fóònù tiwọn dún. Bùọ̀dá Látéèfù ni, ẹ̀yìn ọkùnrin náà nìkan ló rí. “Sàdíà, ta ni Màámi ń bá jáde? Ṣé wọn ò ṣe opó mọ́ ni?”

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlàájà dìde lójú ayé. Wọ́n na ọwọ́ sí òfìfo, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nínú fóònù, ó ku díẹ̀ kí àwọn méjèèjì kọjá géètì.

Àǹtí Sàdíà kígbe mọ́ mi: “Bùọ̀dá, ẹ fa wáyà yẹn yọ! Màámi ń lọ!”

Mo fà á yọ. Fóònù ṣókùnkùn. Àlàájà dúró gbagidi láàárín àgbàlá, ọwọ́ wọn já wálẹ̀. Wọ́n wò yíká títí ojú wọn fi bá mi, èmi tí wọn ò mọ̀ rí.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “kí ló dé tí o fi ti ọkọ mi mọ́ta?”

Opó ti pé báyìí. Àlàájà wà láàyè, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lẹ́nu wọn mọ́, ojú kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń wo géètì. Àǹtí Sàdíà fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ tan enkódà náà mọ́. Mo ti wé e sínú aṣọ, mo gbé e sórí àjà.

Ṣùgbọ́n Àlàájà ti rí nọ́ńbà mi. Bí ọmọ wọn bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á pè mí. Wọn kì í pariwo.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tan ẹ̀rọ yẹn. Ó ṣì dúró sí géètì. Oòrùn ń pa á.”

Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Bí mo bá tàn án, mo ti pa ìyá oníyàá. Bí n kò bá sì tàn án, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Ọjọ́ tí àwòrán bá ṣíwájú ojú yín, ẹ má dúró mọ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ tètè pa ẹ̀rọ náà nígbà tó ṣì jẹ́ ike omi lásán lẹ rí.