Ìwé Tí Vendelín Fi Ń Yan Ọdún Bíà

Lọ́dún tí Vendelín Šustr fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta lọ sí ọdún bíà ní Lhota, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Lhota tí kò ní ọdún kankan. Abúlé tó ń jẹ́ Lhota lórílẹ̀-èdè wa lé ní ọ̀ọ́dúnrún, nítorí náà ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún òmíràn kò jẹ̀bi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Vendelín fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kamenná Hůrka, kò sì sí ẹni tó béèrè Lhota lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bá wí: "Lhota wo? Ṣé Lhota kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá ni?"

Àwọn kan nílùú sọ pé ó ti mutí kó tó wọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, kọfí ló sì mu. Ohun tó bá ní abúlé náà ni àwọn panápaná mẹ́rin tí wọ́n ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onítáyà kan. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń jẹ́ Radim, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Baba, kí lẹ ń wá?"

"Ọdún bíà."

"Lhota mìíràn nìyẹn. Àwa, ọ̀dà là ń kùn níbí. Brọ́ọ̀ṣì kan ṣẹ́kù o."

Vendelín gba brọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ìgò bíà kan tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tó padà délé, ó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ìlú, èyí tó jẹ́ àṣìṣe rẹ̀ kejì.

Láti ìgbà náà ló ti ní ìwé kékeré kan. Fún ọdún bíà kọ̀ọ̀kan, á kọ orúkọ abúlé àti agbègbè tó wà, iye ìṣẹ́jú tí èèyàn máa fi rìn láti ibùdó ọkọ̀ dé pápá, irú ife tí wọ́n ń lò, àti iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tó bá dé pápá, kì í kọ́kọ́ mu nǹkan kan. Á rìn yí ibẹ̀ ká, á ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á wá fojú díwọ̀n èrò. Òfin rẹ̀ ni pé èèyàn tó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ọgọ́ta lọ. Lẹ́yìn náà, á dúró wo ẹni tó ń da bíà. Bí ìfófó orí bíà kò bá ga tó ìka mẹ́ta, tí kò funfun, tí kò sì ki, á yíjú sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a padà láti irú ibẹ̀ láìfẹnu kan nǹkan kan.

Ní oṣù kẹta ọdọọdún, á lẹ ìwé tó kọ orúkọ ọdún bíà méje sí mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé ọtí Drahomíra Bílková, níbi tí gbogbo wa ń jókòó sí, níbi tí kọ́ọ̀bù Vendelín ti wà lórí ìkọ́ kẹrin fún ọdún méjìlélógún. Àwa mẹ́rìnlá la máa ń bá a lọ. Ibi tó bá ní ká lọ là ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan Drahomíra. Ìgbìmọ̀ ìlú ló ni ilé náà, wọ́n sì sọ fún un pé bí èrò kò bá wọ ibẹ̀ dáadáa kó tó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn á fi í fún ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Drahomíra pinnu láti ṣe ọdún bíà nínú àgbàlá rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà. Ó gbé àwo ọbẹ̀ ẹran gúláṣì kan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wá bá Vendelín.

"Baba Vendelín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sí nọ́ńbà kìíní."

"Ife ńkọ́?"

"Rọ́bà ni. Níbo ni n ó ti rí ẹgbẹ̀ta ife gíláàsì?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Méjì tó wà níbẹ̀ náà ni. Ṣé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ fẹ́ wá ṣe ni, àbí bíà lẹ fẹ́ wá mu?"

"Èkíní kì í pẹ́ tẹ̀lé èkejì. Ta ló máa da bíà?"

"Hynek, àbúrò ọkọ mi."

Vendelín gbé ṣíbí sílẹ̀. "Hynek tó ń da bíà bí ẹni ń bomi rin kábéèjì?"

"Baba, tí ilé yìí bá lọ, ibo lẹ máa fi kọ́ọ̀bù yín kọ́? Ọrùn yín?"

Ó jẹ gúláṣì náà tán, kò sì ṣèlérí kankan. Sátidé yẹn gan-an ni ọdún bíà Horní Olešná, tó ti jẹ́ nọ́ńbà kìíní rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Nígbà tí ìwé jáde lóṣù kẹta, ohun tó wà ní ìlà keje nìyí: *Àgbàlá Drahomíra. Ife rọ́bà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Ẹni tó ń da bíà kò mọ̀ ọ́n dà. Kò jìnnà.*

Drahomíra kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó já kọ́ọ̀bù kẹrin sílẹ̀ lórí ìkọ́, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì gbé e lé Vendelín lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ife àlejò ni Vendelín fi ń mu. Mo sọ fún un pé ó ti le jù. Ó ní òun ò parọ́ kankan síbẹ̀. Mo tún un kà láti wá irọ́. Mi ò rí.

Nígbà tí Sátidé náà pé, òun nìkan ló dúró ní ibùdó ọkọ̀. Nínú àwa mẹ́rìnlá, kò sí ẹni tó yọjú, èmi náà kò yọjú. Ó wọ ọkọ̀ Olešná ti aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Jarmila, kọ̀ǹdọ́ obìnrin tó mọ gbogbo wa, wá lu ihò sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lónìí, Baba? Ìjọ yín ńkọ́?"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Wọ́n wà lágbàlá Drahomíra. Èmi náà ń lọ tí mo bá ti ṣíwọ́. Ọkọ mi ló ka ìwé yín. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń retí kẹ́ ẹ kọ 'kò jìnnà' síbẹ̀. Ilé náà ṣáà làbọ̀ ìsinmi oko."

"Mélòó ni wọ́n á tó?"

"Ó lé ní irínwó. Wọ́n ti tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó yọ ìwé rẹ̀, ó fi ọgọ́ta pín irínwó, ó sì wo iye tó jáde: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méje, méjì péré ló sì wà lágbàlá náà.

Àwọn kan sọ pé ọkọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì náà, ojú ihò wà lára rẹ̀. Bukovka, ibùdó àkọ́kọ́, ló ti bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣí ojú ewé kìíní ìwé rẹ̀, tó sì tẹ nọ́ńbà ọ̀gá panápaná Lhota tó kọ síbẹ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀gá Radim, ṣẹ́ ẹ rántí ẹni tó ṣìnà dé Lhota?"

"Ẹni tó kun ilẹ̀kùn tí ọ̀dà fi ń ṣàn wálẹ̀? Gbogbo ìgbà tá a bá wọlé la máa ń rántí yín."

"Ihò mélòó ló wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e bọ̀ ní Kamenná Hůrka."

Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ni èèyàn ń wọ̀ kó tó dé Lhota yẹn, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú péré ni lójú títì. Ọmọ iṣẹ́ rélùwéè ni Vendelín. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè títì rí. Ó fẹsẹ̀ rìn padà láti Bukovka, ó sì dé ìta àgbàlá bí ọkọ̀ panápaná ṣe ń wọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aláwọ̀ ewé náà wọlé. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún olórí ìlú lọ.

Drahomíra kọ́wọ́ sí ìbàdí. "Baba Vendelín, ẹ ò lọ sí Olešná mọ́?"

"Hynek ńkọ́?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, ó ń bomi rin kábéèjì."

Vendelín ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó rọra ti Hynek sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń da bíà títí àgbá fi gbẹ. Ìfófó ga ní ìka mẹ́ta lórí gbogbo ife. Òun fúnra rẹ̀ kò tọ́ ọ wò, nítorí ife rọ́bà ni.

Olórí ìlú tò lẹ́ẹ̀mẹta níwájú rẹ̀. Lóṣù keje, ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀wé sí ọkùnrin fóònù pé kó wá ilé mìíràn. Vendelín gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ wá nínú ìwé ìròyìn kan náà, Drahomíra sì gbé e padà sórí ìkọ́ kẹrin.

Nínú ìwé ọdún yìí, àgbàlá Drahomíra ṣì wà ní ìlà keje: *Ife rọ́bà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó ń da bíà mọ̀ ọ́n dà.* Ó yọ "kò jìnnà" kúrò. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ padà, kì í sì í ṣe èmi.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà tó kọjá yìí, wọ́n ṣe ọdún bíà ní Horní Olešná. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà, Vendelín Šustr wà ní Kamenná Hůrka, nínú àgbàlá Drahomíra, lẹ́yìn ẹ̀rọ bíà kejì láti ọwọ́ òsì.