Ìmọ́lẹ̀ Ojú Ọ̀run Tó Bá Mi Kọ Ọkọ

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lójú ọ̀run Agége, kò sí ẹni tí kò di ọ̀mọ̀wé nínú ilé wa. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni, lásìkò òjò. Ìkùukùu wálẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú láwọn ọjọ́ kan, a ó rí nǹkan funfun kan tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà Ìkẹjà, yóò lọ, yóò tún padà. Bàbá Aládùúrà tó ń gbé yàrá iwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní áńgẹ́lì ni. Ó wọ sùtánà, ó gbé agogo, ó ń lù ú títí orí fi fọ́ gbogbo wa. Ṣọ́jà kan tó ti ogun Bọ́mà dé, tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, ní irọ́ ni, pé àwọn ará Jàpáànù ló tún padà wá. A bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ wá kó ní Agége. Ó ní obì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Onílé wa fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó kẹrin. Oníṣòwò obì ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Òun ló mú bàbá mi wá sí Agége, òun ló fún wọn ní yàrá, òun náà ló fún wọn ní ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọlọ́dún kan lọ, "ó" náà ti tó o jàre. Bàbá mi kò lè sọ pé rárá. Alaalẹ́ ni wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé àwọn ṣì ń rò ó. Kí ni wọ́n ń rò? Bí wọ́n bá kọ̀ fún un pẹ́nrẹ́n, kí a kó ẹrù wa sí títì nìyẹn. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí; àbúrò mi obìnrin ló tẹ̀lé mi.

Àwẹ̀ wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn. Ìgbà yẹn ni àwa Mùsùlùmí máa ń retí Lailatul-Kadiri, òru abiyì. Àwọn àgbà wa gbà pé ẹni tó bá rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ohun tó bá tọrọ ni yóò rí gbà. Onílé gbójú sókè, ó kígbe Àláhù Akíbárù, ó ní òun ti rí i. Ẹ wo ojúkòkòrò! Gbogbo oore tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyàwó ló fẹ́ tọrọ.

Èmi mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn jẹ́. Mo máa ń kiri ẹ̀kọ ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà pápá bàálù ní Ìkẹjà nírọ̀lẹ́, mo sì ti fojú ara mi rí àtùpà ńlá tí wọ́n gbé ka orí òpó, tó ń yí gbirigbiri. Ọjọ́ tí bàálù bá máa dé lálẹ́ ni wọ́n ń tàn án, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Bó bá ti balẹ̀ tán, wọn a pa á. Mo panu mọ́. Ta ni yóò gba ọmọ ẹlẹ́kọ gbọ́ níwájú áńgẹ́lì àti ará Jàpáànù?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kété tí wọ́n kí irun àṣámù, irun alẹ́ àwẹ̀, tán, onílé pe gbogbo ilé sí àgbàlá. Ó ní kí bàbá mi ṣe àdúà sí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ó parí síbẹ̀. Mo gbọ́ ìró bàálù lókèèrè. Mo sún mọ́ bàbá mi, mo sọ ọ́ sí wọn létí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run." Wọ́n wò mí fín.

"Bàbá onílé," ni wọ́n wí, "ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ọmọ yìí bá jẹ́ ìyàwó yín, kí ìmọ́lẹ̀ yìí máa tàn títí a ó fi ṣe àmín. Bí kò bá jẹ́ ìyàwó yín, kí Ó mú un kúrò."

Onílé ní kò burú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti gbé ìyàwó wọlé.

Bàbá mi tẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yéè! Wọ́n kí Ànábì, wọ́n tọrọ òjò, wọ́n tọrọ oúnjẹ, wọ́n ṣàdúà fún ewúrẹ́ onílé. Bàálù kọjá lórí wa gbùùù, ó lọ balẹ̀, bàbá mi ṣì ń bá a lọ. Onílé ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe àmín, ẹsẹ̀ ń ro mí." Bàbá mi ní ó ku ti àwọn òkú. Ọ̀dọ̀ àwọn òkú ni a wà tí ojú ọ̀run fi ṣókùnkùn biribiri.

Bàbá Aládùúrà ló pariwo "Halelúyà!", ló bá lọ gbé agogo. Onílé jókòó sórí àpò obì, ó ní Ọlọ́run ti sọ tirẹ̀. Mo sáré wọ ẹ̀yìnkùlé, mo ki etí ìró bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.

Ibẹ̀ ni bàbá mi bá mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí ni. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàálù mìíràn, ọjọ́ wo ló tún ń bọ̀?"

Ẹnu mi kò lè padé. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀?"

Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n tún bojú wẹ̀yìn. Àṣé ẹ̀rù tó ń bà mí ti ń ba àwọn náà látọjọ́ yìí. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

"Bí a ṣe ń wọlé báyìí," ni wọ́n wí, "onílé bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò rẹ."

"Ọjọ́ Àlàmísì," ni mo wí. "Ẹ tètè kírun kí bàálù tó dé."