Ilẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pa

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ ìyá mi. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n". N kò ní í pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kó tọmọtọmọ kúrò nílé ọkọ tí mo padà sí Kaboua, ìlú wa, ilẹ̀ baba wa tí òun ti gbin òwú sí títí tó fi ṣá ló nawọ́ rẹ̀ sí mi. Ọdọọdún ló ń dáná sun igi òwú ibẹ̀, ọdọọdún ló sì ń da ajílẹ̀ òyìnbó lé eérú lórí. Ilẹ̀ náà le koko, bí ọkọ́ bá bà á, ńṣe ló ń ta padà. Ó wá sọ níwájú àwọn àgbà ilé pé: "Mo fún ọ ní ìkórè mẹ́ta. Bí àgbàdo kò bá ṣe níbẹ̀, igi kajú ni mo máa gbìn sí i."

Ní Ṣábẹ níbí, ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ti ilé ọkọ dé gbin igi kankan. Bí kajú yẹn bá fi lè wọlẹ̀, mo ti di àlejò lórí ilẹ̀ baba mi nìyẹn.

Ní ọdún àkọ́kọ́, èmi náà ya ọ̀dẹ̀. Mo bẹ Fúlàní kan pé kó kó màlúù rẹ̀ wá sùn sínú oko, mo sì kó ìgbẹ́ wọn ní tútù sídìí àgbàdo. Gbogbo ewé rẹ̀ ló jó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìgbẹ́ lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ?" Ó dùn mí wọ egungun.

Lọ́dún kejì, mo kó ìgbẹ́ náà jọ sórí ààtàn pẹ̀lú pòròpórò, mò ń wọ́n omi sí i, mò ń yí i, títí ó fi dúdú tí kò rùn mọ́. Mo pò ó mọ́lẹ̀ kí n tó gbìn. Nígbà tí àgbàdo dé orúnkún, mo fi ajílẹ̀ òyìnbó kún un, ìdérí ìgò kan péré fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ nìkan kò tó, ebi ti pa ilẹ̀ yẹn jù. Ajílẹ̀ òyìnbó nìkan tí ẹ̀gbọ́n mi ń dà sí i ló sì ti bà á jẹ́: ó ń bọ́ àgbàdo, kò bọ́ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ilẹ̀. Ìkórè ọdún yẹn ṣe é wò.

Lọ́dún kẹta, ekòló padà dé. Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ẹ̀gbọ́n mi júbà ilẹ̀ rí? Àgbàdo mi yọmọ gbọ̀ngbọ̀n. Ó wá wò ó, kò kí mi, ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn tí mo kórè rẹ̀ tán, lọ́jọ́ kan tí mo ti ọjà dé, mo bá ọ̀gbìn kajú lórí ìlà nínú oko mi. Mo sáré lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ìkórè mẹ́ta lẹ sọ. Ṣé àgbàdo ò ṣe ni?"

"Ó ṣe," ló wí. "Ilẹ̀ náà ti dára báyìí. Ta ló ń gbin kajú sórí ilẹ̀ tó ti kú?"

Ẹ gbà mí o! Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Mo lọ bá àwọn àgbà ilé tó gbọ́ àdéhùn náà. Wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa kajú náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí ààtàn mi, mo sì da ìgbẹ́ màlúù bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé òun máa gbin òmíràn. Kó máa gbìn ín. Ààtàn mi kò tíì yó.