Àga Tí Wọ́n Ń Gbé Síta fún Alábòójútó

"Ìyá, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín. Kó yéé wọ ilé ẹ̀rọ wá tú wa wò bí ẹni ń tú ẹrù olè."

Ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní ìlú Iffe ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jà. Ọmọ mi obìnrin ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ṣe alábòójútó. Mo ra iyọ̀ tí mo wá rà, mo lọ sílé.

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé bàbá àgbàlagbà kan ni alábòójútó. Iṣẹ́ tí a yàn án fún kò ṣòro: kó wọ ibi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀rọ, kó bi ọ̀gá ibẹ̀ ní ìbéèrè, kó sì wá sọ ohun tó rí fún wa nípàdé. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá ni ọ̀gá ìgbà náà fẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ìyàwó kì í wọ ibi iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ yẹ ìdí nǹkan wò, ìtìjú ni. Bí bàbá bá dé, á kí wọn láti abẹ́ máńgòrò, "Òkun o!" Wọn á gbé àga àti omi tútù jáde fún un. Á mu ún tán, á wá sọ fún wa pé gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ.

Ọmọ mi yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ó sọ fún mi pé irin tó bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti já dànù. Mo dìde nípàdé, mo béèrè bóyá bàbá ti rí i.

"Ìyàwó wa," ni bàbá wí, "ṣé kí n wá máa yọjú wo abẹ́ ibùsùn àna mi ni?"

"Ẹ yẹ inú ìkòkò wò pẹ̀lú, Bàbá, bóyá ẹran ṣẹ́kù!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti ṣe ti ìyá, nítorí mo ti béèrè.

Kí ìpàdé mìíràn tó dé, bẹ́líìtì fa ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi wọlé. Ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ náà. Mo rántí pé mo fọ aṣọ rẹ̀, mo sá a, mo sì ká a nígbà tó gbẹ. N kò rántí pé mo sunkún. Bàbá wá kí wa. Mo gbé àga fún un níta. Ó jókòó, kò mu omi.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tó wà lábẹ́ máńgòrò kò rí inú ilé. Ọwọ́ oníka méjì yẹn ni ọmọ mi fi ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ wọlé báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí títí yóò fi jáde. Síbẹ̀, n kò ní kìlọ̀ fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, bí alábòójútó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbé àga fún un níta. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.