Alásè Tí Kò Gbọdọ̀ Tọ́ Iyọ̀ Wò

Kí ló dé tí Ọlọ́run fún ènìyàn ní ahọ́n tó mọ iyọ̀, tó tún fún un ní ọkàn tí iyọ̀ ń pa? Ohun tí mò ń bi í nínú àdúrà nìyẹn.

Ogún ọdún ni alásè yìí, tí mò ń bá fọ abọ́, ti ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíríkì. Ní báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè mí délẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́, ló bá ń fojú díwọ̀n iyọ̀ ọbẹ̀.

Lánàá, wọ́n da ọbẹ̀ rẹ̀ nù. “Bàbá, ṣé omi òjò lẹ sè ni?” Ọ̀gá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó gbélé.

Alásè di apá mi mú nídìí ààrò. “Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, máa wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò láràárọ̀.”